ÒKÈ KÒ DÁ Ẹ̀FỌN DÚRÓ
(Ẹ̀kọ́ lórí ibà apọ́njú, fún ìpàdé ẹgbẹ́ àti fún kíkà nílé)

Bíbélì fún kíkà: Diutarónómì 22:8, Orin Dáfídì 121.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀kọ́ yìí ṣe fún wa:
(a) kí á mọ ohun tí ibà apọ́njú jẹ́, àti ìdí tí kò fi yọ ìlú olókè sílẹ̀;
(b) kí á mọ ẹni tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀;
(d) kí á mọ iṣẹ́ tó kan ìyá kọ̀ọ̀kan nídìí dírọ́ọ̀mù omi rẹ̀.

ÌFÁÀRÀ

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò ti inú ìwé jáde lásán. Inú ìpàdé wa ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé àwọn oníṣòwò Máìlì 12 pọ̀ nínú wa ní Ketu àti Ìkòsí níbí. Àwọn kan ń ta tòmátì àti ata rodo, àwọn mìíràn ń ta kárọ́ọ̀tì, kábéèjì àti pòtétò tí ọkọ̀ ń kó wá láti Jos. Ní ọjọ́ tí a ń wí yìí, a ń ṣètò bí díẹ̀ nínú wa yóò ṣe rin ìrìn-àjò lọ sí Jos lọ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa. Akọ̀wé wa béèrè pé ta ni kò tíì gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú. Kí ẹnikẹ́ni tó dáhùn, ìyá àgbà kan láàrin wa dìde, ó ní: "Ẹ má fi owó yín ṣòfò. Òkè ni Jos, ó tutù bí inú fíríìjì. Ẹ̀fọn kì í gbé irú ibẹ̀. Bí a bá tilẹ̀ ń sá fún ẹ̀fọn Ketu, Jos gan-an ló yẹ kí á sá lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, a sì pàtẹ́wọ́ fún ìyá.

Ṣùgbọ́n arábìnrin wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí á jọ̀wọ́ jókòó. Ó ní ọ̀kan lára àwọn àjàkálẹ̀ ibà apọ́njú tó burú jù nínú ìtàn Nàìjíríà, orí òkè Jos gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹnu ya wa. Ọ̀rọ̀ tó sọ lọ́jọ́ náà, àti èyí tí a tún wádìí lẹ́yìn rẹ̀, ni a kó jọ síbí kí gbogbo wa lè jọ jẹ nínú rẹ̀.

1. KÍ NI IBÀ APỌ́NJÚ?

Láyé àtijọ́, ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ bá pọ́n tí ìtọ̀ rẹ̀ sì pọ́n, àwọn àgbà a ní apọ́njú-pọ́ntọ̀ ló ń ṣe é. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi àìsàn ló lè mú kí ojú ènìyàn pọ́n bẹ́ẹ̀. Ibà màláríà tó le lè ṣe é, àrùn ẹ̀dọ̀ lè ṣe é. Èyí tí a ń pè ní ibà apọ́njú nínú ẹ̀kọ́ yìí jẹ́ àrùn kan pàtó. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, ẹ̀fọn ló sì ń gbé e láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn. Òògùn màláríà kò ràn án. Títí di òní, kò sí òògùn kan tó ń pa fáírọ́ọ̀sì náà nínú ara ènìyàn.

Nínú igbó ni fáírọ́ọ̀sì yìí ti ń gbé láti ìgbà pípẹ́. Ara ọ̀bọ ló wà. Ẹ̀fọn inú igbó a jẹ ọ̀bọ tó ní in, a sì lọ jẹ ọ̀bọ mìíràn. Nígbà tí ènìyàn bá wọ igbó lọ ṣẹ́gi, lọ ṣọdẹ tàbí lọ dáko, ẹ̀fọn kan náà lè jẹ ẹ́. Bí ẹni náà bá wá padà sí ìlú pẹ̀lú àrùn náà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀fọn ilé á jẹ ẹ́, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín in láti ojúlé dé ojúlé.

2. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ JOS NÍ 1969

Òkè Jos ga ju 1,200 mítà lọ sókè òkun. Nítorí atẹ́gùn tútù ibẹ̀ ni àwọn òyìnbó ìjọba amúnisìn ṣe kọ́ ilé ìsinmi sí i, tí gbogbo wa sì fi gbà pé ìlú ìlera ni. Ní ìdajì kejì ọdún 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ lọ́wọ́, ibà apọ́njú bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè náà. Ìwọ̀nba ènìyàn ló dé ọsibítù tí a kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn lọ káàkiri àwọn abúlé láti yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn wò, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn tó kó àrùn náà tó 100,000. Àwọn olùwádìí láti ilé ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ti Yunifásítì Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ̀fọn wo ló gbé e? Orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ni Aedes luteocephalus. Ihò ara igi tí omi òjò bá kún ló máa ń yé ẹyin sí. Òjò rọ̀, ihò igi kún, ẹ̀fọn pọ̀. Àwọn ènìyàn orí òkè náà kò sì gba abẹ́rẹ́ rí, nítorí náà kò sí ohun tó lè bá ara wọn jà fún wọn. Òtútù tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé kò tó láti lé e.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn: àwọn tó ń fún arìnrìn-àjò nímọ̀ràn káàkiri ayé máa ń sọ pé ibi tó bá ga ju 2,300 mítà lọ nìkan ni a lè sọ pé ewu ibà apọ́njú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Jos kò dé ìdajì ọ̀nà kọjá díẹ̀. Òkè Mambilla àti Obudu náà kò dé e. Kò sí ìlú kan ní Nàìjíríà tí ará ibẹ̀ lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ga ju ibi tí ẹ̀fọn lè dé.

3. BÁWO NI ẸFỌ̀N ṢE Ń GÙN ÒKÈ?

Ẹnì kan nínú wa béèrè pé, ẹ̀fọn bíńtín báyìí, báwo ló ṣe ń gun òkè? Ìdáhùn rẹ̀ pín sí ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní, ooru. Bí a bá ń gòkè, ní gbogbo 1,000 mítà, ooru máa ń dín tó ìwọ̀n 6 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Òtútù kì í jẹ́ kí ẹyin ẹ̀fọn yára pa, kì í sì í jẹ́ kí fáírọ́ọ̀sì yára dàgbà nínú ẹ̀fọn. Níbi tí ooru bá ti mú dáadáa, fáírọ́ọ̀sì náà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ nínú ẹ̀fọn kí ẹ̀fọn náà tó lè fi jẹ ẹlòmíràn. Níbi tó bá tutù, ọjọ́ á pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀fọn á sì ti kú kí fáírọ́ọ̀sì tó gbó. Ohun tó ń dáàbò bo àwọn òkè gíga nìyẹn. Ṣùgbọ́n ayé ń gbóná sí i. Bí ooru bá fi ìwọ̀n 1 péré lé sí i, ààlà tí òtútù pa sílẹ̀ fún ẹ̀fọn á sún sókè ní nǹkan bí 150 mítà.

Èkejì, ọkọ̀. Ẹ̀fọn ilé kì í fò jìnnà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kúrò ní àdúgbò tí a bí wọn sí. Àwa ni a ń gbé wọn. Ẹyin wọn a lẹ̀ mọ́ inú táyà àlòkù, inú kẹ́ẹ̀gì àti dírọ́ọ̀mù, ọkọ̀ a sì gbé e láti pẹ̀tẹ́lẹ̀ dé orí òkè. Ènìyàn tó ní àrùn náà lára a sì wọ ọkọ̀ kan náà. Ọkọ̀ tó ń gbé kárọ́ọ̀tì bọ̀ ní Máìlì 12 ń padà lọ sókè. Ọ̀nà kan náà ni àlọ àti àbọ̀.

Ẹ̀kẹta, omi. Orí òkè, omi máa ń ṣọ̀wọ́n, àwọn obìnrin a sì máa pọn omi pa mọ́ sílé. Ní 1952 sí 1953, àrùn kan bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè Makonde ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Oríkèé-ríkèé a máa ro àwọn tó bá mú, débi tí wọn kò fi lè nàró. Ní èdè Makonde ni wọ́n ti sọ àrùn náà ní chikungunya, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń ká ènìyàn kò. Ẹ̀fọn inú ìkòkò omi inú ilé ni wọ́n rí nídìí rẹ̀.

Ohun tí a ń sọ yìí kò mọ ní Áfíríkà nìkan. Ibà déńgè jẹ́ ọmọ ìyá ibà apọ́njú. Ẹ̀fọn ilé kan náà ló ń gbé méjèèjì. Ní oṣù kẹfà ọdún 1988, ó jà ní ìlú olókè kan ní ilẹ̀ Mẹ́síkò tó ga tó 1,700 mítà, níbi tí a kò ti gbúròó irú rẹ̀ rí. Nepal, ilẹ̀ àwọn òkè tó ga jù láyé, kò mọ ibà déńgè títí di 2004. Ní 2022, àwọn tó ṣe níbẹ̀ lé ní 54,000, ènìyàn 88 sì kú. Ìlú Kathmandu tó ga ju Jos lọ wà lára ibi tó ti jà.

4. Ó TI DÉ Ọ̀DỌ̀ WA RÍ

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ọ̀rọ̀ àwọn ará òkè ni èyí. Ní 1986, ibà apọ́njú jà ní agbègbè Oju ní Ìpínlẹ̀ Benue. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó lé ní 5,000 ènìyàn tó kú ní agbègbè kan ṣoṣo náà. Ẹ̀fọn inú igbó ló gbé e níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1987, ó wọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe ẹ̀fọn inú ihò igi mọ́. Ẹ̀fọn ilé ni, Aedes aegypti, tí ń yé ẹyin sínú omi tí àwọn ìyá bí tiwa pọn sínú ìkòkò àti dírọ́ọ̀mù. Àwọn kan nínú wa tí a wá láti apá ibẹ̀ rántí ọdún náà. Wọ́n rántí àwọn òkú tí a sin láìmọ ohun tó pa wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ rọ̀. Ó lé ní ogún ọdún tí a kò fi gbọ́ pé a rí i mọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbàgbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àyẹ̀wò fi hàn pé ibà apọ́njú ló ń ṣe ọmọdébìnrin ọmọ ọdún méje kan ní Òkè-Ọwá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Láti ìgbà náà ni a ti tún ń gbúròó rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀: Ẹdó, Ebonyi, Bauchi, Delta, Enugu àti Benue. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. A ti gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó kù kí á gbọ́n.

5. ÀJẸSÁRA TÍ ÀWỌN ÈNÌYÀN FI Ẹ̀MÍ WỌN RÀ

Ó yẹ kí ará Èkó mọ̀ pé ìtàn abẹ́rẹ́ yìí kan Yábàá tí kò jìnnà sí wa. Yábàá ni àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fìdí iṣẹ́ ìwádìí ibà apọ́njú kalẹ̀ sí ní 1925. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Gold Coast, Gánà òde òní, tí ibà apọ́njú ń ṣe. Asibi yè. Láti inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì náà. Ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà, Adrian Stokes, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1928, Hideyo Noguchi ará Japan kú ní Akra nípa àrùn kan náà, Dókítà William Young sì tẹ̀ lé e láàrin ọjọ́ díẹ̀.

Fáírọ́ọ̀sì tí a rí lára Asibi ni Max Theiler, ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́ ní Amẹ́ríkà títí agbára rẹ̀ fi dín. Ní 1937, wọ́n ti sọ ọ́ di àjẹsára tí a ń pè ní 17D. A fún Theiler ní ẹ̀bùn Nóbẹ̀lì ní 1951. Abẹ́rẹ́ kan náà ni a ń lò títí di òní. Yábàá fúnra rẹ̀ ti ń ṣe é rí, títí di 1991. Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì bá fa abẹ́rẹ́ náà sókè, kí á rántí pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ̀mí àwọn kan sì lọ sí i.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Láti oṣù keje ọdún 2016 ni àwọn ìjọba àgbáyé ti gbà pé káàdì rẹ̀ kì í kú mọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tí a bá gbà á ni káàdì náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní Nàìjíríà, láti 2004 ni a ti fi í sára abẹ́rẹ́ ọmọdé, ní oṣù kẹsàn-án tí a bá bí ọmọ. Ẹ yẹ káàdì ọmọ yín wò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a bí ṣáájú 2004, àti àwa ìyá wọn, ni kò gbà á rí.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló yẹ kó kàn lọ na apá sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò gbọdọ̀ gbà á. Aláboyún, ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú, ẹni tí ẹyin adìyẹ ń dojú ìjà kọ ara rẹ̀ gidigidi, ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, àti àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ẹ jẹ́ kí dókítà kọ́kọ́ yẹ̀ wá wò, kí ó sì gbà wá nímọ̀ràn.

6. ỌRỌ̀ KÁÀDÌ: ÌJẸ́WỌ́ WA

A fẹ́ sọ òótọ́ kan níbí, bó tilẹ̀ dùn wá. Ní 2011, ẹgbẹ́ wa rin ìrìn-àjò lọ sí Akra. Ẹni tó bá wa ṣètò ọkọ̀ gba owó káàdì lọ́wọ́ kálukú. Ní ọjọ́ kejì, ó kó káàdì aláwọ̀ ìyẹ̀yẹ̀ dé. Orúkọ wa wà lára rẹ̀, òǹtẹ̀ wà, ìbuwọ́lùwé wà. Abẹ́rẹ́ kò kan ẹnì kankan nínú wa. A tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó gbà wá lọ́wọ́ ìrora. Nígbà tí a dé Sẹ̀mẹ̀, a na káàdì sókè, a sì kọjá. Ìwé irọ́ ni a fi kọjá, orin ìyìn sì wà lẹ́nu wa títí a fi dé Akra.

Kò sí ohun tó ṣe wá. Nítorí náà a gbàgbé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ìpàdé tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì wa ní kí gbogbo ẹni tó ní káàdì na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ pọ̀. Ó tún ní kí ẹni tó rántí apá tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ nìkan na ọwọ́ sókè. Ọwọ́ mẹ́rin péré ló kù lókè. Yàrá náà dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin arábìnrin wa, òṣìṣẹ́ ibodè lè ka káàdì, ẹ̀fọn kò mọ̀wé. Ohun tó tún burú ni pé irọ́ yìí kò mọ sí orí ẹni tó pa á. Bí a bá gbé àrùn náà bọ̀ láti ibi tí a lọ, inú ilé wa ni a ń gbé e bọ̀: sára ọmọ-ọmọ wa tí kò tíì pé oṣù mẹ́sàn-án, sára àgbàlagbà tí dókítà ní kó má gba abẹ́rẹ́. Àwọn tí kò lè dáàbò bo ara wọn ni irọ́ wa yóò kọ́kọ́ pa. A ti bẹ Olúwa pé kí ó dárí rẹ̀ jì wá. A sì ti pinnu pé ẹgbẹ́ wa kò ní gba irú káàdì bẹ́ẹ̀ mọ́ láéláé.

7. BÍ A ṢE LÈ DÁ A MỌ̀

Láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà tí ẹ̀fọn bá jẹ ènìyàn, ara á gbóná lójijì, orí á máa fọ́, ẹ̀yìn á máa ro, èébì á máa gbé e. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ara ọ̀pọ̀ ènìyàn á balẹ̀, wọ́n á sì yè. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀tàn wà. Nínú ènìyàn méje, ibà á padà sára nǹkan bí ẹnì kan láàrin ọjọ́ kan sí i. Ojú á pọ́n, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ lè máa jáde ní imú, ní ẹnu tàbí nínú èébì. Nínú àwọn tó bá dé ipò yìí, bí ìdajì wọn ló máa ń kú láàrin ọjọ́ méje sí mẹ́wàá.

Nítorí náà, bí ibà bá ń ṣe ẹnì kan nílé tí ojú rẹ̀ sì pọ́n, ẹ má ṣe dúró ti àgbo, ẹ má sì ṣe ra òògùn lọ́wọ́ akiri. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹ má fún un ní aspirin tàbí ibuprofen, nítorí wọ́n lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sí i. Bí ó bá ti rin ìrìn-àjò láìpẹ́, ẹ sọ ibi tó lọ fún dókítà. Kí ó sì sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn lọ́sàn-án àti lóru fún ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́, kí ẹ̀fọn má baà fa àrùn náà lára rẹ̀ lọ fún aládùúgbò.

8. IṢẸ́ WA NÍDÌÍ DÍRỌ́Ọ̀MÙ

Nígbà tí a bá gbọ́ ẹ̀fọn, gọ́tà ni ọkàn wa máa ń lọ. Òótọ́ ni pé ẹ̀fọn ń bẹ nínú gọ́tà, ó sì yẹ kí á máa kó ìdọ̀tí ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn ibà apọ́njú kò fẹ́ omi ìdọ̀tí. Omi tó mọ́ ló fẹ́, irú èyí tí a ra lọ́wọ́ mẹ́ruwà tí a rọ kún dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀fọn dúdú ni, ó ní ìlà funfun lẹ́sẹ̀. Ọ̀sán ló máa ń jẹ ènìyàn, pàápàá ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí kò sí ẹnì kankan lábẹ́ àwọ̀n. Obìnrin tó fẹ́ràn ìmọ́tótó jù nínú wa lè máa sin ín láìmọ̀.

Ní àdúgbò wa, a tún ní ohun mìíràn. Bí Odò Ògùn bá kún, tí omi ya wọ Agboyi, Agílítí àti ẹ̀yìn Máìlì 12, gbogbo wa a máa sọ̀rọ̀ nípa ìkún omi náà. Ṣùgbọ́n ohun tí omi bá fi sílẹ̀ nígbà tó bá fà lọ ni kí á wò dáadáa: agolo, ike, táyà ní ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, fíríìjì àlòkù tó dojú kọ òkè. Gbogbo rẹ̀ ló ń gba òjò.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe nǹkan wọ̀nyí:
(a) Kí á máa bo dírọ́ọ̀mù, garawa àti tàǹkì wa pa pinpin. Bí ìdérí bá ti fọ́, kí á fi aṣọ tó nípọn so ẹnu rẹ̀.
(b) Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí á da omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, kí á sì fi kànìnkànìn fọ ara rẹ̀ nínú. Dídà á nù nìkan kò tó. Ẹyin ẹ̀fọn yìí lè gbẹ mọ́ ara dírọ́ọ̀mù fún oṣù púpọ̀; ọjọ́ tí omi bá tún kàn án ló máa pa.
(d) Bí a bá rí tanwíji tó ń jó nínú omi, kí á má ṣe wí pé kò ṣe nǹkan. Ẹyin ń di ẹ̀fọn láàrin ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Ìdí nìyí tí ìmọ́tótó ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, irú èyí tí a mọ̀ ní Sátidé ìparí oṣù, kò tó.
(e) Kí á kó táyà àti agolo kúrò lábẹ́ òjò. Kí á dí ihò igi tó wà nínú ọgbà wa.
(ẹ) Kí á máa wọ aṣọ alápá gígùn bí a bá ń lọ sí oko tàbí igbó.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru. Ẹ̀fọn tí a tọ́ nínú dírọ́ọ̀mù tiwa kì í jẹ wá nìkan. Ó ń fo ògiri lọ sí ilé kejì. Ohun tí Diutarónómì 22:8 ń kọ́ wa nìyí. Òfin náà ní kí ẹni tó kọ́ ilé tuntun mọ odi kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹlòmíràn má baà ti ibẹ̀ jábọ́, kí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ má baà wà lórí onílé. Ìdérí dírọ́ọ̀mù wa ni odi òrùlé tiwa. Nínú Orin Dáfídì 121, akọrin náà gbójú sókè sí àwọn òkè, ṣùgbọ́n kò sọ pé òkè ló máa ràn án lọ́wọ́. Ẹlẹ́dàá òkè ló gbójú lé. Àwa náà kò gbọdọ̀ fi òkè Jos ṣe ààbò, kí á sì kọ ọgbọ́n tí Ẹlẹ́dàá fún wa sílẹ̀.

ÌPARÍ

Àwa tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ ti lọ gbà á ní ilé ìwòsàn ìjọba. A sún ìrìn-àjò Jos síwájú kí ọjọ́ mẹ́wàá lè pé. Ìyá wa àgbà tó sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kìíní ti pé ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin, dókítà sì ní kí ó má gba abẹ́rẹ́, kí ó má sì lọ. Ó kọ́kọ́ bínú. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti rí iṣẹ́ tòun. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, a máa ń rí i pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ láti ẹ̀yìn ilé dé ẹ̀yìn ilé ní àdúgbò rẹ̀, tó ń ṣí ìdérí dírọ́ọ̀mù wò. Bó bá rí tanwíji, onílé yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń pè é ní Ìyá Ẹlẹ́fọn, kò sì bínú sí i.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ló dé tí òtútù Jos kò fi dáàbò bo àwọn ará ibẹ̀ ní 1969?
2. Irú omi wo ni ẹ̀fọn ibà apọ́njú fẹ́? Níbo ni irú omi bẹ́ẹ̀ wà nílé rẹ?
3. Ta ni yóò jìyà rẹ̀ bí a bá ra káàdì láìgba abẹ́rẹ́?
4. Báwo ni a ṣe lè bá aládùúgbò tí kò bo dírọ́ọ̀mù rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìdá ìjà sílẹ̀?

IṢẸ́ ÀMÚṢE: Kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé, kí kálukú wa yẹ káàdì abẹ́rẹ́ àwọn ọmọ ilé rẹ̀ wò, kí ó sì fọ gbogbo ohun ìpọnmi rẹ̀ nínú. A ó jábọ̀ fún ara wa.

ÀDÚRÀ: Kí á gbàdúrà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lórí òkè àti ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, fún àwọn nọ́ọ̀sì tó ń gbé abẹ́rẹ́ dé abúlé, fún àwọn ọmọ ọwọ́ wa, àti fún ara wa, kí Olúwa fún wa ní ọkàn tí kì í fi irọ́ kọjá ibodè. Àmín.